Pickup Lára Gìtá Oníná: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Jù

N'Íbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní gìtá, tí mo sì ń bá wọn tún un ṣe. Ìbéèrè kan náà ni mò ń dáhùn lójoojúmọ́, lórí fóònù, lẹ́yìn ìsìn, níbi ìdánrawò. Mo wá kó wọn jọ síbí. Gìtá olókùn mẹ́fà ni mò ń sọ o, ti báàsì yàtọ̀ díẹ̀.

Kí ni pickup gan-an?

Ẹ wo abẹ́ okùn gìtá yín, láàárín ọrùn àti bridge (irin tí okùn jókòó lé lápá ìsàlẹ̀ gìtá). Ohun gbọọrọ tó jókòó síbẹ̀ yẹn ni pickup. Òòfà ló wà nínú rẹ̀, wáyà bàbà tó tín-ín-rín bí irun orí ni wọ́n sì wé yí i ká. Nínú pickup Stratocaster àtijọ́, gìtá ilé iṣẹ́ Fender, wọ́n lè wé e tó bíi 8,000 ìgbà.

Tí okùn irin bá ń gbọ̀n lórí òòfà yẹn, ìgbọ̀n náà ló ń bí iná kékeré sínú wáyà. Iná kékeré yìí ló ń gba inú kéébù lọ sínú amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Pickup kì í gbọ́ ohùn bí makirofóònù ṣe ń gbọ́ ọ. Irin tó bá ń mì lókè rẹ̀ ló mọ̀. Bí ẹ bá so okùn náílọ́ọ̀nù mọ́ gìtá oníná, kò ní mú nǹkan kan jáde.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. George Beauchamp ló ṣe irú rẹ̀ tó kọ́kọ́ wúlò fún gìtá nílùú Los Angeles, ilé iṣẹ́ tó wá di Rickenbacker sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1932.

Kí ni wọ́n ń pè ní SSS, HSS, HH?

S dúró fún single-coil, H dúró fún humbucker, irú pickup méjì tí mo máa ṣàlàyé nísàlẹ̀. Iye lẹ́tà ni iye pickup. SSS ni ti Stratocaster, SS ni ti Telecaster (Fender náà ni), HH ni ti Les Paul ilé iṣẹ́ Gibson tó wọ́pọ̀. Nínú HSS, humbucker ló wà ní bridge, single-coil méjì ló kù. HSH fi humbucker sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi single-coil sáàárín.

Kí ló ya single-coil sọ́tọ̀ kúrò lára humbucker?

Ìdì wáyà kan ṣoṣo ló wà nínú single-coil. Ohùn rẹ̀ máa ń mú, ó máa ń já gaara, ẹ ó sì gbọ́ bí èékánná ṣe kan okùn. Àléébù rẹ̀ ni pé bó ti ń gbọ́ okùn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbọ́ ariwo iná tó wà láyìíká.

Humbucker ní ìdì wáyà méjì tó dúró ti ara wọn. Seth Lover, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Gibson ní Kalamazoo, ló ṣe é ní 1955. Ohun tó ṣe dùn mọ́ mi títí dòní. Ó wé wáyà ìdì kejì lódìkejì ti àkọ́kọ́, ó sì tún dojú òòfà rẹ̀ kọ òdìkejì. Ariwo iná wọ inú ìdì méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń tì í lọ, èkejì ń fà á bọ̀, ariwo náà sì pa ara rẹ̀. Ohùn okùn ní tirẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, torí náà ó padà sójú ọ̀nà kan, àwọn ìdì méjèèjì sì jọ gbé e jáde.

Ní 1957 ni humbucker gba ipò P-90, pickup Gibson tó ti wà ṣáájú rẹ̀, lórí Les Paul. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìwé pélébé kan lábẹ́ tó sọ pé wọ́n ti béèrè fún ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ. Ibẹ̀ ni orúkọ náà PAF (Patent Applied For) ti wá. Ẹ̀tọ́ ọ̀hún jáde ní 1959.

Ohùn humbucker nípọn, ó kún ẹnu. Kò mú tó single-coil, torí pé ojú ibi méjì ló ti ń gbọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì ń jẹ díẹ̀ nínú ohùn òkè.

Ṣé P-90 náà, humbucker ni?

Rárá. Ìdì wáyà kan ló ní, ó sì ń kùn bíi ti gbogbo single-coil. Gibson ló gbé e jáde ní 1946. Ìdì rẹ̀ fẹ̀, ó sì rọlẹ̀, torí náà ohùn rẹ̀ nípọn ju ti Stratocaster lọ, ó sì tún rorò ju ti humbucker. Ẹni tó ń kọ blues tàbí hailáìfù àtijọ́, tí kò sì bẹ̀rù ariwo díẹ̀, yóò gbádùn rẹ̀.

Pickup mẹ́ta lára gìtá mi jọ ara wọn. Kí ló dé tí ohùn wọn ò jọra?

Ẹ lu okùn tó nípọn jù, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Lápá ọrùn, ẹ ó rí i tó ń fẹ̀, tó ń súnkì bí abẹ́bẹ̀. Lẹ́bàá bridge, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ó ń mì. Okùn kan náà ni, àmọ́ ohun tí pickup kọ̀ọ̀kan ń rí lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìdí nìyẹn tí ti ọrùn fi máa ń dún rìndìn, tó rọ̀, tó dára fún kọ́ọ̀dù jẹ́jẹ́ àti sólò tó ń sunkún. Ti bridge máa ń dún kẹ́ńkẹ́ń, ó sì máa ń la àárín ẹgbẹ́ kọjá. Àwọn tó ń ṣe pickup mọ̀ pé ti bridge kì í rí ìgbọ̀n tó pọ̀, ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi sábà máa ń wé tirẹ̀ pọ̀ ju ti ọrùn.

Ààyè márùn-ún ni súwíìṣì Stratocaster mi ní. Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe?

Ààyè 1 ni bridge, 3 ni àárín, 5 ni ọrùn. Ààyè 2 da bridge pọ̀ mọ́ àárín. Ààyè 4 da ọrùn pọ̀ mọ́ àárín. Ní 2 àti 4 yìí, ohùn máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń mọ́, bí ẹni pé wọ́n fọ̀ ọ́.

Nígbà tí Fender gbé Stratocaster jáde ní 1954, ààyè mẹ́ta péré ni súwíìṣì rẹ̀ ní. Àwọn onígìtá ló fọwọ́ ara wọn rí i pé béèyàn bá fi súwíìṣì há sáàárín, ohùn kan tó dùn máa ń jáde. Ó di 1977 kí Fender tó fi súwíìṣì alááyè márùn-ún sí i. Lára ọ̀pọ̀ gìtá òde òní, wọ́n ti yí wáyà àti òòfà ti àárín sódì, torí náà ní 2 àti 4 ariwo iná máa ń pa ara rẹ̀ bíi ti humbucker. Bí gìtá yín bá ń kùn ní 1, 3 àti 5, tó sì dákẹ́ ní 2 àti 4, kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Gìtá mi ń kùn bí oyin ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé ó dákẹ́. Kí ló fà á?

Iná wa ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ariwo ìyípadà yẹn sì ni single-coil ń gbọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, iná gbọọrọ wà lókè orí yín, amp ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣájà fóònù wà nídìí bọ́ọ̀dù iná tí amp yín wà, jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ níta. Ẹ dúró síbi kan, kí ẹ rọra yípo pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́. Ẹ ó rí igun kan tí ariwo náà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ sún kúrò lẹ́bàá amp, kí ẹ yọ ṣájà. Ẹ ṣe èyí ná kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Bí ariwo bá dákẹ́ nígbà tí ọwọ́ yín kan okùn, wáyà ilẹ̀ inú gìtá ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n fi bébà bàbà tẹ́ inú ihò rẹ̀. Bí ariwo bá ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án, wáyà kan ti já tàbí wọ́n jó o sódì.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí iná bá ń ta yín lẹ́nu nígbà tí ẹ bá sún mọ́ makirofóònù tí gìtá wà lọ́rùn yín, ẹ gbé gìtá kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pickup kọ́ ni. Ilé yẹn kò ní wáyà tó wọlẹ̀ dáadáa, tàbí amp náà ní àìsàn. Irú iná bẹ́ẹ̀ ti pa onígìtá rí. Ẹ pe oníná kí ẹ tó tún lu nǹkan kan.

Èwo ni kí n rà fún jùjú, hailáìfù, orin ìyìn?

Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ta ni ẹ ń bá lu. Nínú ẹgbẹ́ jùjú, gìtá méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀, gángan sì wà láàárín wọn. Kálukú ní láti ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó ń lu gìtá aṣáájú nílò ohùn tó já gaara, kí gbogbo ìka rẹ̀ lè yé èèyàn: single-coil, ní ààyè 2 tàbí 4, tone (bọ́tìnnì tó ń dín ohùn òkè kù) ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe tẹ́nọ̀, tó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ títí, lè wà ní àárín tàbí bridge tí ó ti dín tone rẹ̀ kù díẹ̀. Bí gbogbo yín bá kó sí pickup ọrùn, ohun tí àwọn oníjó máa gbọ́ ni ìkùukùu.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì tún le jù bẹ́ẹ̀. Báàsì ti gba ìsàlẹ̀, ọwọ́ òsì oní-kíbọ́ọ̀dù náà sì ti kún ibẹ̀. Onígìtá tó gbé humbucker ọrùn wọ àárín wọn yóò máa lu títí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ, á wá yí fólúùmù sókè, ìjà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ohùn tó tín-ín-rín nígbà tí ẹ bá dá nìkan lù ú nílé lè jẹ́ èyí tó dára jù nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ bá pé. Fún seben, apá ijó gbígbóná nínú orin Kóńgò, ààyè 2 tàbí bridge, ohùn mímọ́, láìsí distortion (ohùn yíya) kankan.

Bí ẹ bá máa ń kọ orin rọ́ọ̀kì tó gbóná ní òpin ìyìn, HSS ló bá yín lára mu jù.

Ṣé HSS lè ṣe gbogbo iṣẹ́?

Ó lè ṣe púpọ̀, òun sì ni mo máa ń ní kí ẹni tó ní owó gìtá kan ṣoṣo rà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Ohùn bridge single-coil, èyí tó ń dún kẹ́ńkẹ́ń yẹn, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ààyè 2 náà kì í dún bí ti SSS àfi tí humbucker náà bá lè di ìdajì. Bákan náà, humbucker lágbára ju àwọn méjì yòókù lọ, torí náà ohùn yóò fò sókè bí ẹ bá yí súwíìṣì láàárín orin. Ẹ rẹ humbucker náà sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé àwọn single-coil sókè díẹ̀, títí wọn yóò fi dọ́gba létí yín.

HH ò gòkè jù HSS lọ, kò sì relẹ̀ jù ú. Iye pickup kọ́ ló ń sọ iye ohùn tí èèyàn ní. Fólúùmù gìtá pàápàá jẹ́ ohùn mìíràn: pẹ̀lú amp tó ti fẹ́ máa ya, ẹ yí i sí 6, ohùn á mọ́, ẹ dá a padà sí 10, á rorò. Ọ̀pọ̀ onígìtá ló ti ra pédàlì mẹ́rin, tí kò tíì yí tone gìtá rẹ̀ rí.

Kí ni coil split? Ṣé ó ń sọ humbucker di single-coil lóòótọ́?

Súwíìṣì kékeré kan, tàbí fólúùmù tí a ń fà sókè, ló máa ń pa ìdì wáyà kan nínú humbucker kó ṣẹ́ ku ọ̀kan. Ohùn á mú sí i, á sì fúyẹ́. Àmọ́ kì í di Stratocaster. Ìdì kan nínú humbucker sábà máa ń kéré sí single-coil gidi, òòfà rẹ̀ kò sì jọ ọ́. Agbára rẹ̀ á dín kù, ariwo iná á sì padà dé.

Ọ̀nà kan wà tí èmi fẹ́ràn ju èyí lọ: kí a so ìdì méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, dípò kí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ohùn á fúyẹ́, á mọ́, kò sì ní kùn rárá. Fún ẹni tó ń lu ní ṣọ́ọ̀ṣì tí iná rẹ̀ kò dára, èyí ló wúlò jù.

Gìtá mi kì í gba tune dáadáa lókè ọrùn. Ṣé pickup lè fà á?

Ó lè fà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé gìtá SSS tòkúnbọ̀ wá bá mi, ó ní òun fẹ́ tà á. Mo tẹ okùn tó nípọn jù ní fret 12 (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), mo lù ú: ohùn méjì ló ń bá ara wọn jà nínú okùn kan, wún-ùn, wún-ùn. Mo wo abẹ́ rẹ̀. Pickup ọrùn ti ga débi pé náírà bébà tí mo ká lẹ́ẹ̀mejì ló fi há sáàárín òun àti okùn. Òòfà ń fa okùn mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó gbọ̀n bó ṣe yẹ. Mo yí súkúrù méjèèjì, pickup lọ sílẹ̀, mo tún un lù. Ohùn kan péré, gbọọrọ, títí ó fi kú fúnra rẹ̀. Kò ta gìtá náà mọ́.

Ẹ tẹ okùn mọ́ fret tó gbẹ̀yìn, kí ẹ wá wọn àyè tó wà láàárín okùn àti orí òòfà. Fún single-coil, bíi 2.4 mm lábẹ́ okùn tó nípọn jù àti 2 mm lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Humbucker lè sún mọ́ okùn ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí pé òòfà rẹ̀ kì í fa okùn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, etí yín ni kó máa darí yín.

Mo ra pickup tó ní 16 kilo-ohm, ohùn rẹ̀ wá ṣú. Ṣé ayédèrú ni?

Ó lè má jẹ́ ayédèrú. Ohm tí wọ́n kọ sí i jẹ́ ìdènà tó wà nínú wáyà. Kì í ṣe òṣùwọ̀n bó ṣe dára tó. Single-coil Stratocaster máa ń wà láàárín 5.5 sí 6.5, humbucker irú ti àtijọ́ láàárín 7 sí 8.5. Bí wọ́n bá ti wé wáyà pọ̀ sí i, agbára á pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn òkè á máa kú, ti àárín á sì máa wú. Wáyà tó tín-ín-rín jù pẹ̀lú máa ń mú kí ohm pọ̀ láìfi agbára kún un. Fún orin tiwa tó fẹ́ ohùn mímọ́, pickup tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n ló máa ń dára jù.

Ẹ tún wo kéébù yín. Kéébù gígùn máa ń jẹ ohùn òkè.

Kí ni 250k àti 500k tí àwọn atúngìtáṣe máa ń béèrè?

Iye ìdènà fólúùmù àti tone ni, ní kilo-ohm. Apá kan nínú ohùn òkè máa ń gbabẹ̀ sálọ. Bí iye náà bá ti ga tó ni èyí tó ń sálọ ṣe ń kéré tó. Wọ́n sábà máa ń fi 250k sí single-coil kó má baà máa gún etí, wọ́n sì ń fi 500k sí humbucker kó má baà ṣú.

HSS ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà ni kí n fi fólúùmù 500k sí i fún humbucker, kí n sì so resistor 470k (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) mọ́ ọn kìkì nígbà tí single-coil bá ń dún. Méjèèjì pa pọ̀ á di bíi 242k. Resistor yìí kò wọ́n rárá, ó sì ń yí gìtá padà.

Ṣé kí n ra pickup tó ń lo bátìrì?

Bátìrì 9V ló ń gbé ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀. Kì í kùn, ó lágbára, kéébù gígùn kì í sì í jẹ ohùn rẹ̀. Ẹni tó ń lu metal, irú rọ́ọ̀kì tó le, fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ yọ kéébù kúrò lára gìtá tí ẹ bá ṣe tán, nítorí kéébù tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí bátìrì máa ṣiṣẹ́. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya lójijì, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Pickup kọ̀ọ̀kan dún dáadáa, àmọ́ tí mo bá pa méjì pọ̀, ohùn wọn di tín-ín-rín. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Wọ́n ń bá ara wọn jà. Nígbà tí ọ̀kan ń ti ohùn síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn. Ohùn ìsàlẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ kú. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ pickup kan tí wọn ò sì pààrọ̀ èkejì. Kí wọ́n gbé wáyà méjì ọ̀kan nínú wọn lódìkejì, á tán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wáyà yẹn bá so mọ́ ìdérí irin pickup náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà wọ́n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ariwo ńlá ló máa tẹ̀ lé e.

Àwọn kan fẹ́ ohùn yìí o. Les Paul 1959 tí Peter Green lù nínú ẹgbẹ́ Fleetwood Mac ní òòfà tó dojú kọ òdì nínú pickup ọrùn rẹ̀, ohùn àárín rẹ̀ tó ń dún bí ẹni tó ń gba imú sọ̀rọ̀ sì di ohun tí ayé ń wá. Gary Moore, onígìtá mìíràn, ló gbà á lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti wà lọ́wọ́ Kirk Hammett ti ẹgbẹ́ Metallica báyìí. Brian May ti ẹgbẹ́ Queen fi súwíìṣì méjì sí pickup kọ̀ọ̀kan lára gìtá tí òun àti bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara wọn ṣe: ọ̀kan láti tàn án àti láti pa á, èkejì láti yí i sódì.

Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pààrọ̀ humbucker. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Ẹ ya àwòrán bí wáyà ṣe wà kí ẹ tó gbé irin lẹ́ẹ̀dì. Ẹ wọn bí okùn ṣe jìnnà síra lórí bridge: humbucker irú ti Gibson máa ń ní bíi 50 mm láti okùn àkọ́kọ́ dé ìkẹfà, irú ti Fender máa ń sún mọ́ 53 mm. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà. Pupa ilé iṣẹ́ kan lè jẹ́ dúdú ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwòrán tí ilé iṣẹ́ tó ṣe pickup yín fi síta ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí kò bá sí àwòrán, ẹ fi mítà wá wáyà méjì méjì tó bá ara wọn tan. Ẹ so mítà mọ́ méjì àkọ́kọ́, kí ẹ gbé ohun èlò irin tí ẹ fi ń yí súkúrù lé orí ìdì náà, kí ẹ wá fà á kúrò kíákíá. Ẹ ṣàkíyèsí bóyá mítà lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdì kejì. Nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, wáyà tó wà lẹ́nu pupa mítà nígbà tí mítà lọ sókè ni ẹ ó pè ní orí. Èyí tó kù ni ìdí. Ẹ so ìdí ọ̀kan mọ́ orí èkejì, orí tó kù lọ sí súwíìṣì, ìdí tó kù lọ sí wáyà ilẹ̀.

Kí ẹ tó dí gìtá padà, ẹ so ó mọ́ amp tí ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, kí ẹ fi irin kan náà rọra kan orí ìdì kọ̀ọ̀kan. Tó bá dún lórí ìdì méjèèjì, ẹ de súkúrù yín.